Ojú Tí Mo Ní Kí Àbúrò Mi Gbé Sókè

Àbúrò mi ọkùnrin kì í wo ènìyàn lójú. Nílé wa ní Datcha, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ọmọ tó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Èyí tó bá tẹjú mọ́ àgbà, ìgbátí ni yóò jẹ. Gbogbo ayé ń yìn ín pé ó lẹ́kọ̀ọ́, èmi tí mo tọ́ ọ sì ń yan fanda kiri. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé kò lọ́rẹ̀ẹ́, ó ń dá gbé létí oko, ó sì ń sọ pé àwọn tó ń kọjá lọ́nà ń fi ọ̀rọ̀ wọn gún òun lára, wọ́n sì ń ṣọ́ òun. Kì í jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi èmi, kí wọ́n má baà fi májèlé sí oúnjẹ rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ," ni mo máa ń sọ fún un.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú un lọ sí ọsibítù ní Atakpamé, ìlú tí mo ń gbé tí mo sì ti ń ránṣọ. Dókítà obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá na bíìkì tó fi ń kọ̀wé sókè níwájú rẹ̀. Ó ní kó fi ojú nìkan tẹ̀ lé e, kó má yí orí. Àbúrò mi wolẹ̀. Dókítà tún un sọ, ó tún wolẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ dàgbà jù ú lọ ni, dókítà." Mo yíjú sí i: "Gbójú sókè. Èmi ni mo ní kí o gbé e. Kò sẹ́ni tó máa bínú."

Nítorí tèmi, ó gbé e. Bíìkì ń lọ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ ò lọ jẹ́jẹ́. Ó ń fò ṣáájú, ó tún ń sáré padà.

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé wọ́n máa ń rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí ìwà wọn súnmọ́ ti àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà, àmọ́ tí àwọn fúnra wọn ò ya wèrè. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ò tó ẹ̀rí, ó ní, torí ojú ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà lè máa fò bẹ́ẹ̀. Kí n máa mú un wá, kí n sì jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èwo ni etí mi gbà níbẹ̀? Ojú ń fò. Ìyẹn nìkan.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Kí wá ni èmi ọlọ́gbọ́n ń ṣe? Bí mo bá ń bu ọbẹ̀, mo máa ń mú ṣíbí lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì. Bí adìẹ bá ń kọjá, "Wo adìẹ yẹn, wò ó," ojú tèmi ò sì sí lára adìẹ rárá. Mo ní ìtọ́jú ni. Irọ́ ni! Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, àmọ́ ó ti ń wù mí láti máa rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń fò. Ojú ń tì mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo gbé iyán kalẹ̀, mo tún nàka sí aláǹgbá lára ògiri pé kó wò ó. Kò wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń ṣọ́ mi. N ò bínú. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbójú sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n máa wolẹ̀."

Háà! Èmi tí mo ní kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ! Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. "Máa wolẹ̀, àbúrò mi," ni mo sáà rí sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó mà dúpẹ́ o!

Ó gbé àwo iyán náà lọ sẹ́yìn ilé, ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ju òkèlè kan sí adìẹ, ó sì dúró, ó ń wo adìẹ náà kó tó jẹun.