Ètò Bọ̀dá Kúnlé Pa Máàkì Rẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìwà Bọ̀dá Kúnlé rí mi lára lónìí.

Òun ló kọ ètò tí kọ̀ǹpútà iléèwé wa ní Ìjagun fi ń tọ́jú máàkì àwọn ọmọ; èmi ni mo ń tẹ máàkì náà sínú rẹ̀. Tí mo bá tẹ lẹ́tà t mọ́ orúkọ ètò náà, á tẹ máàkì jáde sórí ìwé. Tí mo bá tẹ p, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Láàárọ̀, ọwọ́ mi ṣèèṣì tẹ y dípò t. Máàkì tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ bá pòórá!

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ètò yín ò sọ pé òun ò mọ y?"

"Ohun tí kì í bá ti ṣe t, p ni mo kà á sí."

"Ṣebí àwọn kan ti kọ ètò tó ń yẹ lẹ́tà téèyàn tẹ̀ wò, tí ẹ kàn lè fà wọnú tiyín?"

"Èmi kì í lo iṣẹ́ oníṣẹ́."

Ó tún lọ fẹjọ́ mi sun ọ̀gá àgbà pé èmi ni mo pa máàkì rẹ́. Mo bá tẹ orúkọ mi sínú ètò náà, mo ní kí ọ̀gá tẹ lẹ́tà tó bá wù wọ́n, yàtọ̀ sí t àti p. Wọ́n tẹ k. Orúkọ mi parẹ́ lójú wọn.

Síbẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n tún gbogbo máàkì tẹ̀. Bọ̀dá Kúnlé jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ bá mi dá a: nínú àwa méjèèjì, ta ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́?