Ijó Màmá Mi Lórí Omi ní Mẹ́síkò

Mò ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú Lanham tí mò ń gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí òórùn àgbàdo sísun tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ta sánsán sí mi nímú. Mo dúró síbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí màmá mi, nọ́ọ̀sì tí kì í gba ìsinmi, ṣàdédé mú mi lọ sí Mẹ́síkò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí òórùn irú àgbàdo yẹn gba inú rẹ̀ kan. Àwọn onígìtá tó dé akẹtẹ̀ ńlá bá wa níbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Màmá mi bọ́ bàtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Dìde, wá bá mi jó."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo kọjú sí omi, ojú ń tì mí. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò yẹn ni dókítà sọ fún màmá mi pé jẹjẹrẹ inú wọn ti kọjá iṣẹ́ abẹ.

Màmá mi nìkan ló jó orin mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó dáa, a máa jó tí a bá délé."

A délé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa fi sọ pé ó yá, wọn ò lè dá dìde mọ́.