Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́rùn Ìyá Mi

Ẹ wò ó, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun ti ti àpótí òun pa kí òun tó gbé e fún àwọn tó ń kó ẹrù sínú bàálù, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, ẹ̀rín náà kì í sì í ṣe ti ayọ̀. Kí lo fi tì í? Àgádágodo kékeré tó ń dán yẹn? Ohun tí ọmọ aráyé fi ń tan ara wọn jẹ pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mí tó o. Òun ló ba ìyá mi jẹ́ nílùú Ìsẹ́yìn, ìyá mi tí kò mú abẹ́rẹ́ ẹnì kan rí.

Láyé ìjọba alágbádá ló ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ń lọ sí Mẹ́kà bí ẹni ń lọ sí ọjà. Bàbá mi a máa hun aṣọ òfì, iṣẹ́ sì ń wọlé dáadáa. Ó ní ìyá òun ò ní kú láìfojú rí Káábà. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran tó mọ́, nítorí náà wọ́n ní kí ìyá mi bá a lọ, kó máa dì í lọ́wọ́ mú. Inú ìyá mi dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Obìnrin tí kò kọjá Ọ̀yọ́ rí, òun náà fẹ́ wọ bàálù.

Lẹ́yìn ìjọsìn, ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà ń wá lọ sí Mẹ́kà: aṣọ tí wọn yóò fi sin ín. Àwọn mùsùlùmí ibi tiwa mọ èyí. Bí àgbàlagbà bá dé ọ̀hún, á ra aṣọ funfun, á fi omi Sámúsámù, omi kànga mímọ́ ọ̀hún, fọ̀ ọ́, á sá a sí oòrùn ilẹ̀ mímọ́, á ká a wálé, á sì tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí ọlọ́jọ́ bá dé. Láti kékeré ni Ìyá Àgbà ti ń ran òwú, kò sí àwọ̀ aró tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kàn. Ó máa ń sọ pé, "Èyí tí mo bá máa wọ̀ kẹ́yìn, funfun ni, omi Sámúsámù ló sì gbọ́dọ̀ kàn án." Bí ọmọge ṣe ń sọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó ló ṣe máa ń sọ ọ́.

Wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n rí aṣọ náà rà, òun àti ìyá mi jọ fọ̀ ọ́, wọ́n sá a gbẹ. Ó tún ra yẹtí wúrà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó ti kó kúrò nílé ọkọ wá ń bá wa gbé nínú agbo ilé. Níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù àtibọ̀ ni àṣìṣe náà ti wáyé. Ìyá mi ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n so yẹtí yìí mọ́ ìdí ìró mi." Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní inú aṣọ òkú ni kó dì í sí. Ní Ìsẹ́yìn, ta ni yóò fọwọ́ kan aṣọ òkú aláṣọ? Bí o bá gbàgbé rẹ̀ sí gbangba ọjà, ibẹ̀ náà ni wàá padà bá a, nítorí àwọn olè wa pàápàá ń bẹ̀rù ikú. "Olè wo ló máa jí sàréè?" ni Ìyá Àgbà wí. Wọ́n bá wé wúrà sínú aṣọ òkú, wọ́n so ó ní kókó, wọ́n tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ìyá mi ti àgádágodo. Ìyá Àgbà fà á wò títí, ó ní kí ìyá mi fi òwú so kọ́kọ́rọ́ náà kọ́rùn. Ìfura loògùn àgbà. Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́rùn ìyá mi, ìbáà wẹ̀, ìbáà sùn.

Èmi àti bàbá mi wà lára àwọn tó lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó. Ẹ̀yìn irin la dúró sí tí à ń wò wọ́n. Ọjà kan náà ni gbogbo wọn ti ra àpótí, gbogbo rẹ̀ jọra wọn délẹ̀. Gígé aṣọ òfì tí àwọn ará Ìsẹ́yìn so mọ́ ọwọ́ àpótí tiwọn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Nígbà tí ìyá mi gbé tiwọn, ó dúró. Ó ní, "Ìyá, àpótí yìí mà fúyẹ́ o." Ìyá Àgbà ní, "Bóyá ìwọ lo gba agbára bọ̀ láti Mẹ́kà." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Àgádágodo wà níbẹ̀, ó tì gbọin. Kí lèèyàn tún fẹ́ yẹ̀ wò?

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tí n kò kà sí. Àwọn aṣọ́bodè ní kí Àlájì kan ṣí àpótí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti sọnù. Bàbá arúgbó náà ń wojú ilẹ̀ kiri, ó ń wá ohun tó máa fi fọ́ ọ. Aṣọ́bodè náà ní, "Bàbá, ẹ má fọ́ ọ." Ó fa ìdì kọ́kọ́rọ́ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ yọ lápò, ó ki ọ̀kan bọ̀ ọ́, kò ṣí, ó ki òmíràn, ó ṣí. A kí i kú iṣẹ́. A tiẹ̀ ṣàdúrà fún un láti ẹ̀yìn irin! Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ nínú gbogbo wa pé, bí irú ìdì kọ́kọ́rọ́ báyìí bá wà láyé, mélòó ló wà, ọwọ́ àwọn wo ló sì wà.

Nílé wa, ṣíṣí àpótí Mẹ́kà kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Gbogbo agbo ilé ló pé síbẹ̀, gbogbo wọn ló ń retí nǹkan. Ìyá mi bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí àpótí. Tẹ̀sùbáà jáde, èso dàbínù jáde, ẹní ìkírun jáde, fìlà jáde. Wọ́n ń sọ pé "Bàrákà Ọlọ́run," wọ́n ń gbà á. Ọwọ́ ìyá mi kan ìsàlẹ̀ àpótí. Ó tún fọwọ́ tú u. Ó da gbogbo ohun tó kù sílẹ̀.

"Ìyàwó, aṣọ mi dà?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé àgádágodo náà sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò tẹ̀, kò ha. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò já èyí. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?" Ojú gbogbo wọn sì lọ sí ọrùn ìyá mi, níbi tí òwú ti dá àpá sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ń gbọ́, n ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"O ò mọ̀? Ṣebí ìwọ lo kọ́kọ́ sọ l'Ékòó pé àpótí fúyẹ́! Ta ló sọ fún ọ?"

Ẹ gbà mí! Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi òtítọ́ inú sọ, òun ni wọ́n sọ di ẹ̀rí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé pòṣé, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ìyá mi ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, òun á búra. Bàbá mi ní rárá, a kì í tìtorí aṣọ búra. Ó ní bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ó padà sídìí òfì rẹ̀, ó ń hunṣọ. Bóyá ó rò pé òun gba ìyàwó òun sílẹ̀ ni. Ohun tí ìlú gbọ́ ni pé ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kó búra nítorí pé ọkọ rẹ̀ mọ̀.

Ẹyin lohùn. Láàárín ìgbà díẹ̀ ọ̀rọ̀ ti dé ìdí òfì gbogbo. Àwọn obìnrin tó máa ń gbé òwú fún ìyá mi pé kó bá àwọn ká a wá ń kó o lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí á ní ọmọ òun á ká a, tọ̀hún á ní òun ò ṣe mọ́. Kò sí ẹni tó pè é lólè lójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú, nítorí ẹni tí wọn ò pè lólè, kí ni yóò jiyàn lé lórí?

Inú ń bí mi débi pé n kì í lè jẹun. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti rántí ìdì kọ́kọ́rọ́ aṣọ́bodè yẹn. Mo bá sáré lọ bá Àlájà kan ládùúgbò wa tí òun àti ìyá mi jọ wọ bàálù kan náà, mo ní kó yá mi ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tirẹ̀. Ó fún mi. Mo pe bàbá mi, mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo jókòó síwájú Ìyá Àgbà. Mo ti àgádágodo wa pa, mo ki kọ́kọ́rọ́ Àlájà bọ̀ ọ́. Ó ṣí wẹ́rẹ́! Mo tún tì í, mo tún ṣí i. Mo pariwo: "Ẹ rí i! Ṣé ẹ rí i báyìí! Ẹni tó bá wù ú ló lè ṣí i!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹní bíni là á jọ. Ìwọ náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àpótí alápòótí." Bí kì í bá ṣe àgbà tí wọ́n kọ́ mi láti máa bọ̀wọ̀ fún, ọwọ́ mi ì bá ti bà á lẹ́nu. Bàbá mi wolẹ̀. Ó tún padà sídìí òfì.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó gba àgádágodo náà, ó ń fi ìka wá ojú rẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ bó ṣe ṣí. Òótọ́ lo sọ."

Mo ní, "Ẹ bá wọn sọ ọ́, Ìyá."

Ó mi orí. "Bó bá jẹ́ àwọn tó ń kó ẹrù bàálù ló mú un, ó ti lọ nìyẹn. Ṣé mo tún máa dé Mẹ́kà ni? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyá rẹ ni, inú ilé yìí ló ṣì wà. Ó ṣì lè mú un wá. Bá mi sọ fún un pé mi ò ní bínú."

Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, àìsàn dá Ìyá Àgbà gúnlẹ̀. Ìyá mi náà ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fi ẹ̀kọ gbígbóná sí i lẹ́nu. Bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀: "Ìyàwó mi, mú un wá. Mo ti foríjì ọ́. Máa lo wúrà yẹn, mi ò fẹ́ ẹ. Aṣọ mi ni kó o fún mi." Ìyá mi á ní, "Ìyá, Ọlọ́run ló mọ̀, kò sí lọ́dọ̀ mi." Ìyá Àgbà á kọjú sí ògiri, kò ní jẹun mọ́. Ó gbẹ tán. Ẹ̀rù àtikú láìní aṣọ yẹn ló ń jẹ ẹ́ ju àìsàn lọ.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá mi jáde láàárọ̀, ó fi ìró bo nǹkan dé. Ìgàn aṣọ funfun ni, èyí tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé lọ́jà. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù tó bù bọ̀ fún ara rẹ̀, ó dà á sínú abọ́ tán pátápátá, ó fi fọ aṣọ náà. Mo bi í kí ló ń ṣe. Ó sá a, ó gbẹ, ó ká a, ó gbé e wọ yàrá Ìyá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ foríjì mí. Èmi ni. Aṣọ yín rèé."

Mo pariwo pé, "Irọ́ ni! Kí lẹ ń sọ?" Ó wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan, ẹnu mi sì pa dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ò gbọ́ nǹkan!"

Ìyá Àgbà gba aṣọ náà, ó fi bo ojú, ó gbóòórùn rẹ̀ títí. "Òun ni," ló wí. "Òórùn Mẹ́kà nìyí. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, ìyàwó mi. Ọlọ́run á foríjì ọ́." Ó ṣàdúrà fún un, ó jẹ ẹ̀kọ tán lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ sí i ló kú, ó kú wọ́ọ́rọ́wọ́, aṣọ náà ni wọ́n sì wé e sí.

Mo bínú sí ìyá mi, inú yẹn ò tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ní, "Ẹ ti fọwọ́ ara yín ba ara yín jẹ́! Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ó ń ṣa ewéko kúrò nídìí ata nígbà náà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Pé èmi ni, Ìyá ti gbà tẹ́lẹ̀. Aṣọ ni kò tíì rí."

Nígbà tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn ẹbí péjọ láti di ẹrù mi. Nílé wa, ìyá ìyàwó ló máa ń di ẹrù ọmọ rẹ̀. Ìyá mi dé pẹ̀lú abọ́ àti aṣọ tó ti ń rà dè mí láti kékeré, ó gbé wọn lérí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ẹrù wà, ó na apá méjèèjì di ẹnu ọ̀nà náà.

Ó ní, "Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Màá bá ọ kó o wọlé."

Àlejò pọ̀ lójúde. Gbogbo wọn ló ń wò. Ìyá mi sọ ẹrù náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," ló wí, ó sì lọ dúró sáàárín àwọn àlejò.