Ìrókò Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Ṣubú

Ẹ bi ará Ọ̀kà léèrè, wọn á ní irọ́ ni ọbẹ̀ tí mo fi ń jẹyán. Mi ò jiyàn. Èmi náà ni mo sọ pé ọmọ àbúrò mi fo òkè Ọ̀kà kọjá, tó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ kan ní Ìkàrẹ́, tí ewúrẹ́ náà fi ìjayà bí ìbẹta lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń kọ yìí, mi ò bù mọ́ ọn.

Ìkàrẹ́ lọmọ náà ti ń lọ síléèwé. Ọmọbìnrin ni, ṣùgbọ́n bó bá ń sáré, àwọn ọmọkùnrin pàápàá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Tíṣà tó ń kọ́ wọn léré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, ó ní kí n kan họ́dù márùn-ún, igi tí wọ́n ń fò bí wọ́n ti ń sáré. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ igi. Ìrókò ni mo là. Mo ri ẹsẹ̀ wọn mọ́ pápá iléèwé, mo da kọnkéré sí i.

Tíṣà dé, ó mì í, kò mì.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí? Ó yẹ kó ṣubú bọ́mọ bá fẹsẹ̀ kàn án!"

"Kí iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣubú lójú gbogbo Ìkàrẹ́? Tíṣà, ẹ lọ bá káfíńtà tó ń fi páálí kan àga."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi, mi ò hú àwọn igi náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi fi orúnkún gbá ìrókò. Igi ò mira. Orúnkún ló bẹ́. Látìgbà náà, ó ń fò bí ẹni tí ejò wà lábẹ́ rẹ̀. Tíṣà á ní, "Ilẹ̀ la ti ń sáré, kì í ṣe òfuurufú!" Ara rẹ̀ ò gbọ́.

Síbẹ̀ ó ń borí. Ó borí ní Àkúrẹ́, ó borí ní Gánà, ó gba góòlù gbogbo Áfíríkà, ó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, ó tún borí. Èmi ń fọ́nnu káàkiri pé igi mi ló kọ́ ọ.

Ó wá ku góòlù àgbáyé, èyí tó ń lé láti kékeré. A pé jọ síwájú tẹlifíṣàn. Òun ló ṣíwájú títí dé igi keje. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: àwọn yòókù ń fẹsẹ̀ gbá igi ṣubú, wọ́n ń bá tiwọn lọ, òun nìkan ló ń gòkè, tó ń pẹ́ lókè. Ó ṣe ipò kẹrin. Kò tún dé ibẹ̀ mọ́ títí ó fi fi eré sílẹ̀.

Nígbà tó wálé, mo ti ń sọ fáyé pé òyìnbó ló gbé igi tirẹ̀ ga.

"Bàbá, igi kan náà ni gbogbo wa fò."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Kọnkéré tí mo dà lọ́jọ́sí ni."

Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, èmi tí mo gbé e pọ̀n nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

"Hà! Ẹ dìde, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Ó fà mí dìde, ó ń gbọn eruku kúrò láyà mi. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Mi ò sì lẹ́nu láti bi í.