Àwọn Tó Ń Du Ipò Kìn-ín-ní

Tiwátọ́pẹ́ Fásanmí kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Iléṣà ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ níbẹ̀, láti kékeré ló sì ti máa ń dá gbé ìdì aṣọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀tan-Ilé, tí á tà á tán, tí á sì dá padà wálé. Nígbà tó kàwé tán, ó ríṣẹ́ sí Òṣogbo, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Baálẹ̀ tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n sì ń báni fi lẹ́tà ránṣẹ́ sókè òkun lórí kọ̀ǹpútà. Ọdún 1999 ni. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì tíì mọ ohun tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Wáyà tẹlifóònù ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Bí òjò bá ṣú lásán, ó ti já nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Elisha, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi síídì kan rán èèyàn sí i. Inú síídì yìí ni ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó sì ṣe é kò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ lè tú inú rẹ̀ wò, kó yọ èyí tí kò fẹ́, kó fi èyí tó fẹ́ sí i. Tiwátọ́pẹ́ jókòó tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n lò. Ó wá lọ bá Akíndélé, ọkùnrin tó ń ṣe ètò orin lórí rédíò lọ́sàn-án Sátidé. Ó ní kí àwọn kọ́ sáìtì fún ètò náà, kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè máa mọ orin tó ń lọ nílé.

Sáìtì náà dára. Orúkọ orin àti olórin wà níbẹ̀, èèyàn sì lè gbọ́ díẹ̀ nínú orin náà. Ibì kan tún wà tí èèyàn ti lè dìbò fún orin tó wù ú. Ètò kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ló ń ka ìbò, orin tí ìbò rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló ń gbé sókè. Inú Akíndélé dùn débi pé ó kéde rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

“Tiwátọ́pẹ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó wà ní Òkè-Baálẹ̀ níbí ló kọ́ ọ,” ló wí. “Kò sí ohun tí kò lè yí padà nínú rẹ̀!”

Ìyìn ni lójú àwọn méjèèjì. Wọn ò mọ̀ pé àwọn tó ń pe olórin lọ ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń wo sáìtì náà kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n máa pè.

Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá lọ́jọ́ kan. Ó wọ ẹ̀wù funfun, ohùn rẹ̀ sì tutù.

“Ẹ kúuṣẹ́ o, àbúrò. Béjidé lorúkọ mi. Èmi ni mẹ́nẹ́jà Ṣàngódèyí, olórin yẹn. Mo rí i pé ẹ fi ọ̀gá mi sí ipò kẹrin.”

“Èmi kọ́, sà,” ni Tiwátọ́pẹ́ dáhùn. “Ẹ̀rọ ló ń ka ìbò.”

Béjidé rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mo gbọ́ rédíò. Wọ́n ní kò sí ohun tí ẹ ò lè yí padà nínú rẹ̀.”

Ọkùnrin náà tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn.

“Màmá tó ń ta aṣọ ní Iléṣà ńkọ́? Ṣé ara wọn le?”

Tiwátọ́pẹ́ ò sọ fún un rí pé òun ní ìyá ní Iléṣà.

Láti ọjọ́ náà ló ti gbé àga rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí ọ̀kadà bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí iṣẹ́. Ó sọ fún Akíndélé, ìyẹn ní kó má dá wọn lóhùn, pé ariwo ò wọ́n lẹ́nu àwọn olórin. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ sí Iléṣà.

Kò tíì jókòó tí ìyá rẹ̀ fi ní, “Ọ̀rẹ́ rẹ kan wá síbí o. Ó wọ aṣọ funfun. Ó ra àǹkárá, kò dúnàádúrà rárá. Ó wá ń bi mí ọ̀nà tí mo máa ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Tiwátọ́pẹ́ yíjú wo ojú títì.

“Ẹni tó ra aṣọ tí kò dúnàádúrà,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń wò ó lójú, “kì í ṣe aṣọ ló wá rà. Ta ni?”

“Oníbàárà wa kan ni, Màámi.”

Ó ro ti ọlọ́pàá. Kí ló máa sọ fún wọn? Pé ọkùnrin kan kí ìyá òun, ó sì ra aṣọ? Wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín ni. Ó padà sí Òṣogbo, ó ṣí inú ètò kọ̀ǹpútà náà, ó yí ìlà kan ṣoṣo padà. Ṣàngódèyí bọ́ sókè pátápátá. Béjidé fi páálí mọ́ọ̀tì kan ránṣẹ́ láti dúpẹ́. Tiwátọ́pẹ́ kò lè mu ún.

Kò pẹ́ tí àwọn gìrìpá mẹ́ta wọlé. Ọmọ ẹ̀yìn olórin tó wà lókè tẹ́lẹ̀ ni wọ́n, àwọn yìí ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀kan ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í.

“Ta ló já ọ̀gá wa wálẹ̀?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ìbò ni…”

“Ìbò tí Béjidé bá ọ dì!” Èyí tó ń sọ̀rọ̀ gbé kíbọ́ọ̀dù sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ fọ́n káàkiri bí àgbàdo. “Dá ọ̀gá wa padà síbi tí wọ́n wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ náà á rí i.”

Bí wọ́n ṣe jáde, Tiwátọ́pẹ́ gun ọ̀kadà, ó di ilé Akíndélé ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Àpìkẹ́, ìyàwó Akíndélé, fún un lómi. Tiwátọ́pẹ́ wá ń ké.

“Mo ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, Bọ̀dá Akin. Ẹni tí mo bá fi síbẹ̀, àwọn yòókù á pa mí.”

“Ẹnu mi ló kó ọ sí i,” ni Akíndélé wí. “Kò ní sí ẹni tó máa wà lókè mọ́. Yọ ìbò náà kúrò pátápátá.”

“Ta wá ni wọ́n máa wá bá?”

“Èmi ni. Màá sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́.”

Tiwátọ́pẹ́ yọ ìbò kúrò. Ó to àwọn olórin bí lẹ́tà orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra. Ó wá fi sáìtì náà lé Elisha lọ́wọ́. Elisha pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀, kò sì sọ èyí tuntun fún un. Tiwátọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, ó tẹ̀ lé Akíndélé lọ sí ilé rédíò, torí kò lè dá dúró níbì kankan. Láàárín orin méjì, Akíndélé kéde pé kò sí ìdíje lórí sáìtì àwọn mọ́, pé kò sì sí ẹnì kankan ní Òṣogbo tó lè yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tiwátọ́pẹ́ jókòó sórí àga lẹ́yìn gíláàsì, ó di apá àga náà mú.

Bí wọ́n ṣe jáde, Béjidé wà lẹ́nu géètì. Ó rìn sún mọ́ wọn. Akíndélé bọ́ síwájú Tiwátọ́pẹ́.

“Ẹ ti ba ọjà jẹ́ fún gbogbo wa,” ni Béjidé wí. Ó wo Tiwátọ́pẹ́ títí, ó wá gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Wọn ò rí i mọ́. Àwọn gìrìpá náà ò sì padà wá. Bóyá ìkéde yẹn ló tó wọn, bóyá wọ́n rí ibòmíràn lọ, Tiwátọ́pẹ́ ò mọ̀. Àìmọ̀ yìí gan-an ló le. Ó fi iṣẹ́ Òkè-Baálẹ̀ sílẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á bá a rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Wọ́n á gba ọ̀nà kan lọ, wọ́n á gba òmíràn bọ̀. Ìyá rẹ̀ kò béèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Ó kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò ọ̀fẹ́ náà kọ́ sáìtì fún àwọn ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn ilé ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, àwọn èèyàn sì ń wá a. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kó fi ibi ìdìbò sí i, kì í ṣàlàyé. Á ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe.