Ẹ̀rọ Tó Ní Ká Má Pàtẹ́wọ́

Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé l'Ékòó ló gbé e wá sí Ìdànrè: àpótí kan tó kún fún ihò àti bọ́tìnnì, tí wáyà aláwọ̀ oríṣiríṣi tú jáde lára rẹ̀ bí ìfun ẹran. Ó ní ẹ̀rọ orin ni.

Mo bi í pé, "Ọkọ mi, ibo lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń káàánú mi. "Ìyàwó wa, a kì í tẹ èyí. Ohùn èèyàn ló ń darí rẹ̀. Ẹ kọrin sí máìkì, bí ohùn yín bá lọ sókè, òun náà á lọ sókè. Ẹ dákẹ́, á dákẹ́. Ohùn yín lọ̀gá, òun lọmọọṣẹ́."

Ọmọlúàbí ni mí, mo gbà á gbọ́. Nígbà tó di Sátidé, mo kó àwọn obìnrin akọrin ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, jọ sí gbọ̀ngàn wa ní àdúgbò Aládé. Ìyá tó jẹ́ olórí wa dá orin kan ní ohùn Ìdànrè gidi. A gbè é, a sì pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ̀rọ náà ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi ilẹ̀kùn há nírù.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́!" ni àbúrò ọkọ mi kígbe. "Ó ń ka àtẹ́wọ́ mọ́ orin!"

Aláṣọ funfun, ká má pàtẹ́wọ́! A kó ọwọ́ jọ sórí itan. Ó tún ní ká má jùmọ̀ kọ ọ́, pé ẹ̀rọ ò mọ ohùn ta ni yóò tẹ̀ lé. Ó wá ku Ìyá nìkan.

"Màmá, ẹ má yí ohùn. Ẹ jẹ́ kó dúró lójú kan."

Ìyá wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ṣé orin lo ní kí n kọ, àbí kí n máa dún bíi fèrè ọkọ̀?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni òjò dé. Bó ṣe ń lu páànù gbọ̀ngàn ni ẹ̀rọ náà ń súfèé, tó ń ta gìrì. Inú ọkọ mi kékeré dùn dé ẹ̀yìn etí. Ó gbé máìkì kúrò lẹ́nu Ìyá, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní ká má mí. Àwa tá a fi kòkó àti ọjà sílẹ̀ wá jókòó kalẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fìyà jẹ, à ń wo àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín sí wáyà.

Kò pẹ́ tó fi gbé ohun tí ẹ̀rọ náà gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohùn àwọn ìyá Ìdànrè ló ń darí ẹ̀rọ òun. Ó pè mí pé àwọn òyìnbó ń yìn ín. Mo kí i kú oríire. Mo gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: òjò ni. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni tèmi, níbi tí mo ti wúkọ́ tí ẹ̀rọ náà sì fi gbùúù dá mi lóhùn.

Mo gbé fóònù mi lọ fún Ìyá kó gbọ́. Ó fetí sí i dáadáa, ó dá a padà fún mi.

Ó ní, "Ikọ́ rẹ yìí ti wọ àyà. Lọ gbàtọ́jú."