Ìgbéyàwó Tó Sáré Ṣáájú Ọ̀fọ̀

Ẹ má bá mi pe Khoái ní akọni. Ọkọ̀ agbọ̀n ló ń wà, ọkọ̀ roboto bí igbá tí a fi ọparun hun, tí a fi ọ̀dà kun ìdí rẹ̀. Àwọn àlejò tó bá wá fẹ́ afẹ́fẹ́ òkun ní Quy Nhơn ló ń gbé lọ wo òkúta aláwọ̀ mèremère tó wà lábẹ́ omi. Bí wọ́n bá ní kí ó pòòyì kí àwọn fi ya fọ́tò, á máa yí ọkọ̀ náà bí òkòtó títí wọn yóò fi máa bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, á ní kí wọ́n wá jẹ bún lọ́dọ̀ mi, okùn ìrẹsì nínú omi ẹja gbígbóná. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń bú u, ẹ mọ̀ pé mò ń bú ẹni tí mò ń tipasẹ̀ rẹ̀ jẹun ni. Ilé rẹ̀ ló kọjú sí tèmi láti ogún ọdún.

Lẹ́yìn ọkọ̀ agbọ̀n yẹn, kò ní nǹkan mìíràn láyé àfi Mận, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Mận nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Khoái nìkan ló tọ́ ọ. Ìgbéyàwó Mận àti Tịnh, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí Khoái kò mọ̀. Mận, ọmọ tí a tọ́ dàgbà nínú òórùn ẹja, kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò mi kọjá mọ́ láìbo imú. Mo fà á wọ ẹ̀yìn ilé, mo bi í pé oṣù mélòó ni. Ó ní mẹ́ta. Ó bẹ̀ mí pé kí bàbá òun má gbọ́ títí ìgbéyàwó yóò fi kọjá, mo sì gbà. Kí ni ọjọ́ mẹ́rìndínlógún?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Khoái gbé tíṣà àgbàlagbà kan láti orí òkè, tí kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Wọn kò tíì jìnnà tí Khoái fi rí àbùùbùtán ńlá kan tó léfòó, tó ti kú. Ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba.

Àwa kì í pe àbùùbùtán ní ẹja. Bàbá Ńlá là ń pè wọ́n, nítorí pé àwọn ló ń fi ẹ̀yìn gbé apẹja tó bá ń rì wá sí èbúté. Khoái fúnra rẹ̀ búra pé ọdún tí ọkọ̀ àwọn dojú dé, ẹ̀yìn kan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ ló gbé òun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí òkú Bàbá Ńlá ló di àkọ́bí wọn. Yóò wé aṣọ funfun mọ́rí, àwọn ọmọ rẹ̀ náà yóò wé funfun; bí ọmọ-ọmọ bá wà, tiẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Yóò ṣọ̀fọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Nínú ilé ọlọ́fọ̀, a kì í gbéyàwó.

Nígbà tó padà dé, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí oríire ni lọ́dọ̀ wa láti di àkọ́bí Bàbá Ńlá. Ó sọ fún Mận pé kí wọ́n ní sùúrù, ọdún mẹ́ta ò ní pẹ́ dé, wọ́n ṣì kéré. Mận jókòó sórí iyanrìn. Mo pe Khoái sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Baba Mận, sọ pé tíṣà ló kọ́kọ́ rí wọn.”

“Láti ìgbà tí a ti kúrò létí omi ni tíṣà ti ń bì sínú ọkọ̀ mi. Kí ló fi rí wọn, ìpàkọ́?”

“Ta ló fẹ́ wádìí?”

“Wọ́n gbé mi lẹ́yìn, Ìyá Hậu. Mi ò ní pa irọ́ mọ́ wọn.”

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ìlérí. “Ṣé o rí ọmọ-ọmọ rẹ yẹn? Kò lè dúró ọdún mẹ́ta. Oṣù mẹ́fà péré ló kù fún un.”

Khoái wò mí, ó wo Mận níbi tó jókòó sí. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú rẹ̀. Ohun tó kàn bi mí ni pé ṣé ọmọ náà ti jẹun láàárọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú lọ sọ́dọ̀ Àgbà Nhượng, tó ń tọ́jú ojúbọ Bàbá Ńlá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, ohun tó bá wù ú nìkan ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Ọkọ̀ méjì ti fi okùn so Bàbá Ńlá nígbà náà, wọ́n fẹ́ fà wọ́n wálé. Khoái kúnlẹ̀, kò fi ohunkóhun pa mọ́, títí kan oyún. Ó ní òun kò kọ̀ láti jẹ́ ọmọ wọn o, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó wà nínú ikùn ṣẹ̀? Bí arúgbó yìí bá sọ pé kò ṣeé ṣe, ó parí nìyẹn.

Arúgbó bi í pé, “Níbo ni Bàbá Ńlá wà báyìí?”

“Lórí omi, bàbá.”

“Ṣé wọ́n ti kan iyanrìn?”

“Rárá.”

“Kí là ń sọ tí Bàbá Ńlá bá lọ?”

“Lụy, bàbá.” Ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn, nítorí a kì í sọ pé Bàbá Ńlá kú, bí a kì í ti í sọ pé ọba kú.

“Tó o bá gbọ́ lụy, wọ́n ti lọ, wọ́n sì ti gúnlẹ̀. Ẹni tó ṣì wà lórí omi, ìrìn àjò ló wà. Ta ló ń ṣọ̀fọ̀ arìnrìn-àjò?” Ó gbé ọ̀pá rẹ̀. “Aago mẹ́rin ni omi máa kún. Kí àwọn ọkọ̀ yẹn dúró síbẹ̀ títí omi yóò fi kún. Kí lẹ̀yin tún ń ṣe níwájú mi?”

Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí ẹbí kan bá ní arúgbó tó ń kú lọ, a máa ń yára ṣe ìgbéyàwó kí ọ̀fọ̀ tó dé. Gbogbo wa mọ ìyẹn. Pé a lè ṣe é nítorí Bàbá Ńlá ni ẹnikẹ́ni ò rò kàn.

Wákàtí márùn-ún la ní. Ìkòkò bún mi di ìkòkò ìyàwó. Mo lé àwọn àlejò tó fẹ́ ra, ìgbà tó yá mo ní kí wọ́n wá jókòó jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fi alùpùpù gbé Tịnh dé, ọ̀rá ẹ́ńjìnnì kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, a fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Aṣọ pupa Mận kò tíì parí lọ́wọ́ télọ̀, nítorí náà télọ̀ fi abẹ́rẹ́ há a níbàdí, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dì mọ́ ọn. Tíṣà, tí òkun kò tíì kúrò lójú rẹ̀, ló ya fọ́tò. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì fi fóònù béèrè bóyá a ti rántí oúnjẹ tiwọn, a sì fi ọkọ̀ agbọ̀n Khoái gbé e lọ fún wọn. Ní agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀, Mận di ìyàwó. Ara tù mí débi pé mo jókòó sórí ẹní, mo sunkún bí ọmọdé, ẹni tó bá fẹ́ kí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Omi kún. Àwọn ọkọ̀ fa Bàbá Ńlá wá sórí iyanrìn, gbogbo àdúgbò sì kúnlẹ̀. Mận ti bọ́ aṣọ pupa. Àgbà Nhượng wé funfun mọ́rí Khoái, ó wé funfun mọ́rí Mận, ó wé ti Tịnh. Khoái fi iwájú orí kan iyanrìn. “Bàbá Ńlá,” ló wí, “ẹ ṣé tí ẹ dúró.”

Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n arúgbó tún ki ọwọ́ sí àpò, ó mú aṣọ ìyeyè kan jáde, kò ju ìka kan lọ. Ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ Mận lójú gbogbo wa.

“Èyí ni tẹni tó ń bọ̀,” ló wí. “Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sí níbẹ̀.”